Yíyí Mẹ́ta àti Ààbọ̀

Tí ẹ bá rí nọ́ọ̀tù tí eyín wà lára rẹ̀ bí ẹran tí ajá gé jẹ, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó tú u. Bàbá ni. Sípánà kún inú àpótí rẹ̀ bámúbámú, láti orí kẹjọ títí dé ọgbọ̀n, gbogbo wọn ń dán torí pé kì í lò wọ́n. Páláyà ọlọ́wọ́ pupa kan ló máa ń fà yọ lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Òun ló fi ń tú, òun ló fi ń dè, òun náà ló fi ń ṣí ìdérí ìgò. Eyín kan ti kán lẹ́nu páláyà yẹn láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ṣì wà láyé, nítorí náà, ohunkóhun tó bá bù jẹ, ẹ máa rí eyín mẹ́rin, àlàfo, lẹ́yìn náà eyín kan. Eyín-Páláyà ni àdúgbò ń pè é. Inú kì í bí i sí i. Á ní, "Ẹ jẹ́ kó bù ú jẹ. Ṣebí ó tú?"

Ọmọ méjì ló bí. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọkùnrin, àbúrò jẹ́ obìnrin, àbúrò yìí gan-an lọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń bá bàbá rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ní báyìí tó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò sí awakọ̀ tó mọyì ẹ̀mí ara rẹ̀ tó máa gba ọ̀nà òkè láìkọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Bíréèkì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá Bíréèkì, ẹ gbà mí o, ọkọ̀ mi ti ya alágídí!" Òun náà á dá wọn lóhùn pé ọkọ̀ kọ́ ló ya alágídí, ẹni tó ń fi láínìn bíréèkì tó ti jẹ tán rìn kiri ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ tirẹ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kọ́ aṣọ rírán, ó fi sílẹ̀. Ó tún fóònù ṣe, fóònù tó tún ṣe ò dún mọ́. Ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí kan títí oorun fi gbé e lọ, tí wọ́n sì ní kó máa gbé oorun rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tó pé ogójì ọdún, ó padà sọ́gbà bàbá rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọkọ̀ ló wu òun. Àbúrò rẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé kan wà lọ́gbà náà tó ju ọmọ méjèèjì lọ lọ́jọ́ orí. Pákó ló ń kó, àti bíríkì, àti irin. Bàbá ló ń wà á látọjọ́ tó ti pẹ́, àfìgbà tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sọ pé òun ò ṣe mọ́. Ọmọ obìnrin yìí mọ gbogbo irin tó wà lára ọkọ̀ náà bí ẹni mọ eyín ẹnu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wà á kọjá géètì rí. Tó bá ti tún un ṣe tán, Bàbá á na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́, á ní, "Ó kù díẹ̀, ọmọ mi." Ọdún méjìlélógún lọ̀rọ̀ ó-kù-díẹ̀ yìí. Ẹ sọ fún mi, díẹ̀ wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Àfi lọ́jọ́ kan tí Bàbá pe àwọn méjèèjì jókòó. Ó pe fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ ilé náà, ọkùnrin sísanra kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Ó ní, "Orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan nínú yín ló máa gba sítíárì lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bíréèkì iwájú ọkọ̀ yìí ti kú, dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ti jẹ tán, ẹni tó ń tà á ò sì sí mọ́. Ẹ sọ iwájú di díìsì, kí ẹ mú un bá tẹ̀yìn dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, màá kun ìlà kan sílẹ̀. Ẹni tó bá sáré wá tó dá a dúró síbẹ̀ láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì, òun ló ni kọ́kọ́rọ́. N ò ní wo ọkùnrin, n ò ní wo obìnrin."

Fọkanáísà ní, "Mo gbọ́ o! Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ!"

 Obìnrin náà rọra dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó jó díẹ̀ níbi tẹ́nì kan ò ti rí i, ó tún ojú ṣe, ó padà wá jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó rí díìsì méjì àti kálípà tó ń gbá wọn mú lára ọkọ̀ kan tó ti dolóògbé, ó gé irin, ó lọ̀ ọ́, ó lu ihò sí i, ó fi wọ́n sípò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mú nǹkan fún un. Tó bá ní kó tẹ bíréèkì, á tẹ̀ ẹ́, tó bá ní kó gbẹ́sẹ̀ kúrò, á gbẹ́sẹ̀ kúrò, títí wọ́n fi lé gbogbo afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù.

Ẹni tí ò mọ̀ á rò pé iṣẹ́ ti tán. Irọ́ ni! Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Díìsì kì í ṣe ẹgbẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ohun tọ́kàn ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ kọ́ lèkejì ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀, tí ọkọ̀ bá ń sáré tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló máa wọ́ síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Tí táyà ẹ̀yìn bá wá ṣáájú tiwájú dúró, kò ní dì mọ́ ilẹ̀ mọ́, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ kọjá orí. Ẹni tí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ń kọjá orí, àdúrà ló kù fún un.

Ìdí nìyẹn tó fi so fáàfù kékeré kan tí wọ́n fi idẹ ṣe, ohun tó ń pín agbára bíréèkì, mọ́ páìpù tó ń lọ sẹ́yìn. Súkúrù kan wà lórí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dè é wọlé, ẹ̀yìn á gba agbára sí i. Tẹ́ ẹ bá tú u síta, agbára ẹ̀yìn á dín. Nọ́ọ̀tù kékeré kan, tuntun, idẹ lòun náà, ló ń de súkúrù yẹn pa kó má baà sún.

Wọ́n da omi sí gbogbo ilẹ̀ ọgbà kó lè máa yọ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀gbọ́n á sáré wá nínú ọkọ̀, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, àbúrò á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa ṣọ́ ìlà tó kọ́kọ́ dẹ́kun yíyí. Á pariwo, "Ẹ̀yìn!" Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tú súkúrù síta ní ìlàjì yíyí, wọ́n á tún sáré. "Ẹ̀yìn!" Wọ́n á tún tú u. Ìgbà keje ni wọ́n tú u kó tó pariwo, "Iwájú!", tó sì fò sókè bí ọmọdé. Ọkọ̀ náà dúró gbọnrangandan, ìdí rẹ̀ ò mì. Yíyí mẹ́ta àti ààbọ̀ ló wà, láti ibi tí súkúrù ti wọlé tán.

Òfin kan wà nínú ilé yẹn tí Bàbá fúnra rẹ̀ fi tọ́ wọn. Ẹnì kan kì í dá fọwọ́ kan ohun tó ń pín bíréèkì. Ẹni méjì ló ń ṣí i, ẹni méjì ló ń kà á sókè, ẹni méjì ló ń rí i tí wọ́n dè é. Tí wọ́n bá ti dè é, ó ti di èèwọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá lọ wò ó mọ́. Bàbá máa ń sọ pé ẹni tó bá dá nìkan kà á lè ṣì í kà, kó sì sin ara rẹ̀. Wọ́n kà á sókè, wọ́n fi sípánà orí kọkànlá dè é. Nọ́ọ̀tù náà ń dán, kò lápàá kan.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Bàbá ti kun ìlà funfun kan sílẹ̀, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síbi tójú rẹ̀ á ti ká a. Àwọn aládùúgbò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fọkanáísà ti ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín láti àárọ̀, ó ní tí ọkọ̀ bá kọlu òun, kí wọ́n fi pọ́ọ̀pù fẹ́ òun padà.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wọlé. Ó sáré wá lórí ilẹ̀ tútù, ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ dúró. Ó fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ìlà, ṣùgbọ́n kò yà síbì kankan. Àtẹ́wọ́ ta. Àbúrò rẹ̀ ló pàtẹ́wọ́ jù, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó mọ̀ pé òun á dá a dúró sórí ìlà gẹ́lẹ́.

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kí díìsì tutù ná, kó má di pé ẹni kejì gun ọkọ̀ gbígbóná. Ẹ wọlé, ẹ lọ mu omi."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn aládùúgbò náà jáde lọ wá ibòòji lẹ́yìn géètì. Ó wọlé, ó fọwọ́, ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀, ó tún gèlè iṣẹ́ rẹ̀ wé. Nígbà tó jáde, Bàbá wà lórí àpótí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti bọ́nẹ́ẹ̀tì ó ń bá fọkanáísà rẹ́rìn-ín. Ó gun ọkọ̀. Ó di sítíárì mú, ayọ̀ rẹ̀ kún.

Ó sáré wá. Ó tẹ bíréèkì.

Yéè! Ìdí ọkọ̀ fò sósì bí ẹni tí wọ́n ta níná. Ó yí sítíárì tẹ̀ lé e, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un, ká sọ tòótọ́, ẹlòmíì kì bá tí mú un débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ ti lọ gbá táǹkì omi, orí obìnrin náà lọ gbá gíláàsì ẹ̀gbẹ́, omi táǹkì ya bo ilẹ̀. Àwọn èèyàn sá kíjokíjo. Fọkanáísà ti wà lórí ògiri, kò sẹ́ni tó mọ bí ara tó tóbi tóyẹn ṣe gòkè.

Wọ́n fà á jáde. Iwájú orí rẹ̀ ti wú. Ó ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn pé ẹ ò rí i, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn tún ọkọ̀ ṣe, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn wà á. Ẹlòmíì ní obìnrin ló kúkú jẹ́. Kò ríbi fojú sí. Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ki aṣọ bọ omi, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé ibi tó wú.

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ọkọ̀ ò mojú ẹni tó mọṣẹ́. Gbogbo wa la ní ibi tágbára wa mọ."

Ó fi orí lé bàbá rẹ̀ léjìká, ó sunkún níwájú gbogbo wọn. Ó gbà pé ẹsẹ̀ òun ló burú, pé ayọ̀ ló jẹ́ kóun tẹ̀ ẹ́ lódì. Lójú rẹ̀ ni Bàbá ṣe fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, òun náà sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú oríire. Òfin ni òfin. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti dá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Bọ́mọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ni wọ́n fi dè é lókùn.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, òjò ń rọ̀ ní ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ọgbà wá pẹ̀lú ọkọ̀ lófìfo. Ó ń rọra wà á bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun.

Ó ní, "Àbúrò, wá ná. Mo já ẹrù tán, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, mo tẹ bíréèkì báyìí, ìdí ọkọ̀ fẹ́ wá kí mi lójú fèrèsé. Ọlọ́run ló yọ mí. Bó ṣe ṣe ọ́ lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́ ló ṣe mí."

"Nígbà tẹ́ ẹ gbé ẹrù lọ, kò ṣe nǹkan kan? Lófìfo ló wá ṣe é?"

"Lófìfo ni."

  Obìnrin náà ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá dúró, kí àwọn jẹ́ méjì. Wọ́n wa ọkọ̀ sábẹ́ òrùlé páànù, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tú nọ́ọ̀tù, ó de súkúrù wọlé títí ó fi wọlé tán, àwọn méjèèjì ń kà á sókè. Ọ̀kan. Ọ̀kan àti ààbọ̀. Ó dúró, kò lọ mọ́.

Ó tún un kà. Ọ̀kan àti ààbọ̀ náà ni. Ẹnì kan ti de yíyí méjì gbáko wọlé, ó ti dá agbára padà sí táyà ẹ̀yìn. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀!

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ fẹ̀yìn ti bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo jáde. Èmi tí mo kọ́ yín níṣẹ́! Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Èmi kẹ̀? Ṣé orí mi dàrú ni? Tó bá jẹ́ èmi ni mo yí i, ṣé màá tún máa gùn ún sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè? Mo lọ tọ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà lọ́jọ́ yẹn, àwa méjèèjì la jọ padà wá. Lọ bi í!"

Ó rí i lójú rẹ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ó wolẹ̀, ó wo nọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ òun. Òróró ti bò ó. Ó fi àkísà nù ún, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

Idẹ rọ̀, ẹ̀yin ará, kì í pa àṣírí mọ́. Eyín mẹ́rin. Àlàfo. Eyín kan.

 Ó ti mọ eyín yẹn láti kékeré, ara igi ilẹ̀kùn ló wà, ara kànga, ara ibùsùn ìyá rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé, òun náà sì ti máa ń sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíì. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Àṣé nígbà tí aṣọ tútù yẹn wà níwájú orí òun, páláyà yẹn wà lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Àṣé ẹni tí òun fi orí lé léjìká ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti rí i.  Òjò ń lu páànù.

Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n ní, "Jẹ́ ká dá a padà."

"A máa dá a padà. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ká dá a padà, ká... Àbúrò, kò sẹ́ni tó kú. Bàbá ti dàgbà. Tá a bá gbé e jáde, ta ló máa ṣe láǹfààní? Àdúgbò á kàn máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ó wò ó. Bí ẹ̀gbọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò, ó ti di kọ́kọ́rọ́ mú. Bóyá òun gan-an ò mọ̀ pé ọwọ́ òun ti débẹ̀. Obìnrin náà mọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, wọ́n sì jẹ́ méjì báyìí.

Kò bá a jà. Ó ní, "Ẹ kà á pẹ̀lú mi." Ó tú súkúrù síta, wọ́n jọ ń kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ààbọ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an nígbà tó dé ààbọ̀. Ó fi sípánà orí kọkànlá dè é, ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mi ò ní jí i gbé."

Ẹ̀gbọ́n fún un.

Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń wo òjò. Ọmọ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wá bá mi jókòó nínú ọkọ̀." Bàbá wojú rẹ̀, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, orúnkún ò jẹ́ kó lè gùn ún, ọmọ rẹ̀ sì gbé e ní abẹ́ apá, ó tì í sókè, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe látọjọ́ tórúnkún náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò tiẹ̀ ronú sí i.

Òjò ti fọ ọgbà náà, gbogbo ilẹ̀ ń yọ̀ ju ọjọ́ ìdánwò lọ. Ìlà funfun yẹn ṣì hàn díẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ lọ dé ògiri, ó dúró, ó tẹ iná, ọkọ̀ ké, ó gbéra. Bàbá di ilẹ̀kùn mú. Ó sáré ju bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sáré lọ, ó sáré ju bí òun fúnra rẹ̀ ti sáré lọ́jọ́sí, ó wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọkọ̀ tẹrí ba, ó dúró. Táyà iwájú méjèèjì wà lórí ìlà. Ìdí ọkọ̀ ò mì. Kò sí àtẹ́wọ́, torí kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Fọkanáísà ti ti ṣọ́ọ̀bù nítorí òjò.

Ó paná. Ó ní, "Ó dúró, Bàbá."

"Ó dúró."

"Yíyí mélòó lẹ dè é?"

Bàbá ní, "Méjì."

"Pẹ̀lú páláyà."

"Mi ò rí sípánà orí kọkànlá."

Ṣé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí itan, ọwọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó ní, "Ǹ bá ti kú, Bàbá."

"O ò lè kú. Mo mọ̀ pé o máa mú un. Kò sẹ́lòmíì tí mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún, torí mo mọ bó o ṣe mọ̀ ọ́n wà tó." Ó mí kanlẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Ìwọ, ibi yòówù kí wọ́n sọ ọ́ sí, o máa jẹun. Gbogbo awakọ̀ ló ń wá ọ kiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Kí ló ní? Ẹni ogójì ọdún. Tí mi ò bá fún un ní ọkọ̀ yìí, ibo ló ń lọ? Ìwọ máa yè é."

"Torí pé mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi."

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe rí? Ẹ ṣàlàyé fún mi. Tẹ́ ẹ bá pè mí jókòó kẹ́ ẹ ní, ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ fún, ṣé mi ò ní gbà? Màá sunkún, màá sì gbà. Ẹ ti sọ ó-kù-díẹ̀ fún mi fún ọdún méjìlélógún, mo gbà á."

"Ẹnu mi ò gbé e."

"Ẹnu yín ò gbé e, ọwọ́ yín wá gbé e. Ẹ jẹ́ kí gbogbo àdúgbò rò pé mi ò lè wa ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà rò bẹ́ẹ̀." Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ẹ sì wá fi aṣọ tútù nu orí mi, Bàbá. Ẹ ní pẹ̀lẹ́."

 Bàbá na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ fọwọ́ kan ibi tó wú níwájú orí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbé orí kúrò.

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lórí itan.

"Ẹ bá mi fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ fún un pé kó máa ṣí i wò lóṣooṣù, mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Kó má dá nìkan kà á, kó wá ẹni kejì. Ẹ̀yin kọ́ ni kó jẹ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò. Ó yí iwájú ọkọ̀ po lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn kó tó mọ ohun tó ń ṣe, torí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á ṣílẹ̀kùn, á fi èjìká sílẹ̀, Bàbá á gbára lé e sọ̀ kalẹ̀. Nínú gíláàsì, Bàbá ti múra, ó ti yí ẹsẹ̀ burúkú yẹn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró dè é.

Ó mú ọwọ́ kúrò. Ó lọ gbé àpótí sípánà tirẹ̀ lábẹ́ páànù, ó gba ẹnu géètì jáde. Ó ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kó tó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀, tó ń pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé kó wá sọ òun kalẹ̀.